Kébù tí kò ní wáyà: ṣé kí ará Abẹ́òkúta já dísì kúrò lórí òrùlé?

"Ṣé ẹ ti sanwó kébù oṣù yìí?" Bí ẹ bá dúró ní Pànṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù ńlá bá wà, ẹ ó gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu èèyàn bíi mẹ́wàá. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń béèrè àtàwọn tó ń dáhùn, kò sẹ́ni tó ní kébù nínú wọn. Dísì ni wọ́n ní. Ohun tí à ń pè ní kébù yẹn, ojú ọ̀run ló ti ń bọ̀, láti ara sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè. Wáyà kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lèyí tó ti ara dísì gba ojú fèrèsé wọlé sínú dẹ́kódà.

Mi ò fẹ́ fi ṣe olùkọ́ èdè o. Mo gbé e sókè torí pé kébù gidi, ìyẹn wáyà fáíbà tí àwọn oníléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń nà láti òpó dé òpó, ti ń wọ àwọn ìlú wa díẹ̀díẹ̀, àwọn àbúrò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n já dísì yìí dànù, kí n máa fi íntánẹ́ẹ̀tì wo HD?" Ìdáhùn mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ọ.

Owó ló kọ́kọ́ fa ìbéèrè náà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, MultiChoice tó ni DStv gbé owó Premium kúrò ní ₦29,500 lọ sí ₦37,000. Compact kúrò ní ₦12,500, ó di ₦15,700. Ọdún ò tíì yípo tí wọ́n tún fi kún un: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2025, Premium di ₦44,500, Compact di ₦19,000. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù. ₦77,000 ni gómìnà Dapo Abiodun fọwọ́ sí lóṣù Kẹwàá 2024 fún òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tí owó rẹ̀ kéré jù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní Premium lòun fẹ́ wò, ju ìdajì owó oṣù ẹ̀ ló ti lọ yẹn. Compact pàápàá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Kò tíì jẹun, kò tíì wọ ọkọ̀ láti Láfẹ́nwá dé Òkè-Mósàn.

Ìjọba gbìyànjú láti dá sí i. Lóṣù Kẹfà 2024, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà l'Ábújà bu ìtanràn ₦150 mílíọ̀nù fún iléeṣẹ́ náà, wọ́n ní kó fún àwọn èèyàn ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ti 2025 dé, àjọ FCCPC ní kí wọ́n ṣì dúró ná. Wọn ò dúró, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Lóṣù Karùn-ún, Adájọ́ James Omotosho ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ da ẹjọ́ tí MultiChoice pè nù lóòótọ́, àmọ́ ó sọ nínú ìdájọ́ kan náà pé FCCPC ò lágbára láti máa bá olówò dá iye tó máa ta ọjà rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún èmi àti ẹ̀yin ni pé kò sẹ́ni tó máa bá wa ná ọjà yìí. Ẹni tí kò bá lè san án, kó má san án. Ọ̀pọ̀ ò sì san án: láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án 2024 nìkan, 243,000 oníbàárà ló kúrò lọ́wọ́ MultiChoice ní Nàìjíríà.

Wàyí o, wáyà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ bi àwọn bàbá wa àgbà léèrè ibi tí wọ́n ti rí orúkọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí Rediffusion ni. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939, kó tó wá dé Abẹ́òkúta àtàwọn ìlú mìíràn. Wáyà ló ń gbé ohùn wọ ilé, oṣooṣù ni wọ́n sì ń sanwó ẹ̀, bí ìgbà tí à ń sanwó dẹ́kódà lónìí. Àwọn bàbá yẹn ló lo kébù gidi! Rédíò oníbátìrì ló pa wáyà náà, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n olówó oṣooṣù sì máa dé láàárín ọdún 1990 sí 2000, kò sí wáyà kankan nílẹ̀ tó lè gbé e.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1948 ni wọ́n ti ń na wáyà tẹlifíṣọ̀n láti ilé dé ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa tó wà ní Houston tàbí Maryland fi lè bínú sí onídísì lónìí, kí wọ́n pe oníkébù lọ́la: àwọn méjèèjì ló ń du ẹnu ọ̀nà kan náà. Níbí, tẹlifóònù pàápàá kò délé wa. Ní gbogbo Nàìjíríà, nǹkan bí 400,000 ìlà NITEL péré ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí GSM fi dé ní 2001. Nígbà náà, ta ló fẹ́ máa gbẹ́ ilẹ̀ kiri, pàápàá nílùú tó jẹ́ pé òkúta ló wà lábẹ́ rẹ̀? Dísì ò béèrè kòtò, kò béèrè òpó. Páìpù kan, síkúrúù mẹ́rin, kó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó parí.

Ohun tó dáa lára dísì ò sì kéré fún ìlú tiwa. Sátẹ́láìtì náà ga lójú ọ̀run débi pé òkè tàbí àpáta ò lè dí i lójú. GOtv, tí kì í ṣe dísì, tí kì í sì í ṣe kébù, erìáàlì ló ń lò, orí ilẹ̀ sì ni ìgbì tirẹ̀ ń gbà rìn. Ilé tó bá wà lẹ́yìn òkè lè máa ri síginà rẹ̀ bí ẹni ń ri ìbátan tó jìnnà. Ọ̀pọ̀ ìkànnì rẹ̀ kì í sì í ṣe HD.

Òjò ni ọ̀tá dísì. Ìgbì tí DStv ń lò kúrú, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ, ẹ̀kán òjò ńlá sì máa ń mu ún, ó máa ń tú u ká. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, pẹnáritì, sánmà Ẹ̀gbá ṣú dẹ̀dẹ̀, àwòrán gan pa, E48-32 gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò tó ń wò ó lórí fóònù ló pariwo kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti gbá a wọlé. Wáyà fáíbà ò mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Iná ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, inú gíláàsì tín-ín-rín. Níbi ká rí HD tí kò já, fáíbà ló borí, mi ò jiyàn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín. Mo ti rí ilé tí wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n HD, tí wọ́n ra dẹ́kódà HD, tí wọ́n wá fi wáyà pupa, yẹ́lò àti funfun so ó pọ̀. Wáyà yẹn ò lè gbé HD láyé. Wáyà HDMI ni kẹ́ ẹ lò. Ó ṣeé ṣe kí ohun tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ fẹ́ já dísì má ju wáyà kékeré tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú lọ.

Ó yá, ká ṣírò íntánẹ́ẹ̀tì. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí kan HD lè jẹ tó 3GB, ó sì fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì yín máa sáré tó 5Mbps. Ilé tó ń wo wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ á jẹ 270GB lóṣù. Ẹ wá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fẹ́búárì 2025, lẹ́yìn tí NCC fún àwọn oníléeṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi ìdajì kún owó wọn. MTN gbé 15GB ọlọ́sẹ̀ kan kúrò ní ₦2,000, ó di ₦6,000, àwọn èèyàn fi igbe bọnu, wọ́n wá tọrọ àforíjì. Ohun tí 270GB gbà ni irú 15GB yẹn méjìdínlógún. Ní ₦6,000, ₦108,000 nìyẹn. Kódà ní ₦2,000 àtijọ́, ₦36,000 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó Premium ìgbà náà. Torí náà, ẹni tó já dísì, tó wá ń fi dátà fóònù wo HD, inú iná ló kó sí. Àfi fáíbà tí wọn kì í ka GB rẹ̀, tí iye kan ṣoṣo wà fún un lóṣù, tí gbogbo ilé sì jọ ń lò. Téńáǹtì mẹ́rin ní Kámpù tí wọ́n bá dá a pọ̀, ìyẹn lè nítumọ̀. (Starlink tó dé Nàìjíríà ní January 2023 náà wà, àmọ́ ẹ má gbàgbé: dísì lòun náà.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le jù nìyí. Wáyà kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ra ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù ló ni àwọn òǹwòran, yálà ojú ọ̀run ló ti ń gbé e wá ni tàbí abẹ́ ilẹ̀. Ẹ rántí HiTV. Ó dé ní 2007, ó gba Premier League mọ́ DStv lọ́wọ́, gbogbo wa sáré ra dẹ́kódà tuntun. Nígbà tí bọ́ọ̀lù náà padà sọ́wọ́ DStv ní 2010, kò pẹ́ tí HiTV fi kógbá wọlé, dísì wọn sì ṣì ń dípẹtà lórí àwọn òrùlé kan títí dòní. NBC gbìyànjú ní 2020 láti ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má dá irú ètò bẹ́ẹ̀ dì mú. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó wọ́gi lé e ní 2022. Lóṣù Kẹsàn-án 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé gba MultiChoice, bọ́ọ̀lù sì tẹ̀ lé e lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá já dísì torí pé ó bínú sí DStv, tó wá ń lọ wo SuperSport lórí DStv Stream, ọwọ́ oníléeṣẹ́ kan náà ló ṣì wà. Oníléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló wá fi kún àwọn tó ń sanwó fún.

Ẹni tí bọ́ọ̀lù ò ká lára, tó jẹ́ pé fíìmù Yorùbá lórí YouTube ló ń wò láti òwúrọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò níṣẹ́ kankan pẹ̀lú dísì mọ́, bí wáyà bá ti dé àdúgbò ẹ̀.

Bí ó bá ti dé. Olówò kì í na wáyà síbi tí kò ti rí owó. Ẹ̀sítéètì àti GRA ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà sí, ibi tí ilé ti tò, tí lándílọ́ọ̀dù kan lè fọwọ́ síwèé fún ilé ogún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ Òkè-Mósàn ju àwọn oníléeṣẹ́ lọ. Láti 2013 ni ìjọba àpapọ̀ àtàwọn ìpínlẹ̀ ti fẹnu kò pé owó tí ìpínlẹ̀ á máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì kó má ju ₦145 lórí mítà kan lọ, àwọn gómìnà tún sọ ọ́ ní 2020. Iye tí wọ́n bá gbà lórí mítà kan ní Ìbarà tàbí ní ìsàlẹ̀ Ìtòkú ló máa sọ bóyá ọmọ inú ìlú á rí wáyà tàbí àwọn ará GRA nìkan. Bosun Tijani, mínísítà tó ti Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ, ti ní ìjọba àpapọ̀ fẹ́ na 90,000 kìlómítà fáíbà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó dáa. Tirẹ̀ á gbé e dé ìlú; kò ní gbé e dé pálọ̀ yín.

Wáyà náà sì ní àìsàn tirẹ̀. Katakata tó ń ṣe títì Èkó sí Abẹ́òkúta lè já a láàárọ̀ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ létí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà sì ń wọ́lẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ fi ti iná mọ̀nàmọ́ná kún un: bí iná bá lọ, ráútà kú, tẹlifíṣọ̀n kú.

Ohun tí mo wá ń sọ fún àwọn àbúrò tó ń bi mí nìyí. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ wò lóṣù tó kọjá sílẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀ ń wò. Bí bọ́ọ̀lù bá ju ìdajì lọ, ẹ fi dísì sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa sanwó ẹ̀ lóṣù tí bọ́ọ̀lù bá wà nìkan. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kẹ́ ẹ san ti oṣù Kẹfà tí líìgì ti parí. Bí kò bá tó ìdajì, ẹ lọ wádìí bóyá fáíbà ti dé òpó tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè méjì kí ẹ tó sanwó: ṣé lóòótọ́ ni kò ní òpin, àbí wọ́n á dín eré rẹ̀ kù bẹ́ ẹ bá lò ó dé ibì kan? Ta ló máa wá tún un ṣe bó bá já, láàárín ọjọ́ mélòó?

Ẹ̀yin tí fáíbà ti dé ojúlé yín ní Ìdí-Àbà, Ọbántokò, Ìbarà tàbí ibikíbi nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ fi orúkọ àdúgbò, iye tẹ́ ẹ san kí wọ́n tó so ó àti iye tẹ́ ẹ̀ ń san lóṣù ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ ya àwòrán ibi tó dé àti ibi tí kò dé, kí n sì gbé e lọ bá wọn ní Òkè-Mósàn.