Kí Òṣèré Gba Ìwé Kó Tó Wọ Aṣọ Eré

Bí òṣèré kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ bá dùbúlẹ̀ àìsàn lónìí, kì í pẹ́ tí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ fi ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Àwọn tó ń wo fíìmù rẹ̀ ní Òkukù, Ìkìrun àti Ìnísà yóò máa bi í pé: níbo ni gbogbo owó fíìmù rẹ̀ wọlé sí? Ìbéèrè náà tọ́, ẹni tí wọ́n ń bi ni kò tọ́. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá, owó náà kò dé ọ̀dọ̀ òṣèré rárá.

Òkukù ti wà lójú ọ̀nà àwọn eléré tipẹ́, láti ayé eré alárìnjò tó ṣáájú fíìmù. Ojú irin tó dé Òṣogbo ní 1907, tó sì dé Ìlọrin ní 1908, gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ẹgbẹ́ eré tó bá tẹ̀dó sí Òṣogbo kì í rìn jìnnà kó tó débẹ̀. Karin Barber, òyìnbó tó gbé Òkukù ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta láti 1974 láti ṣèwádìí oríkì, ló padà lọ bá ẹgbẹ́ eré alárìnjò Oyin Adéjọbí ṣeré, tó sì kọ odidi ìwé lórí wọn, The Generation of Plays, ní 2000. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn ṣe ń jẹun, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹnu géètì ni owó wà nígbà náà. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yóò yí ìlú po. Lálẹ́, èrò yóò sanwó wọ gbọ̀ngàn. Kí ọ̀gá tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, owó gbọ̀ngàn, owó epo ọkọ̀, owó jẹnẹrétọ̀ àti owó oúnjẹ ti jáde. Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, gbèsè dé. Ọ̀gá ló ni ọkọ̀, òun ló ni aṣọ, òun náà ló ni orúkọ. Hubert Ògúndé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá eléré náà, tilẹ̀ fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ sílé, kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ta ni yóò wá bá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ owó oṣù? Síbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ mọ ibi tí yóò sùn, ó sì mọ̀ pé eré ń bẹ lọ́la.

Sinimá ló da ìṣirò náà rú. Ní 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Baba Sàlá, gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde; Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Sinimá ìgbà náà kì í ṣe ohun tí a ń fi fóònù yà. Owó ńlá ni, gbèsè sì wà nínú rẹ̀. Kó tó gbé e dé gbogbo ibi tó yẹ kó ti pa owó rẹ̀ padà, àwọn olè ti dà á sórí fídíò, wọ́n ń tà á. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 1970 kò ní eyín tó lè fi bù wọ́n jẹ. 1988 ni òfin tuntun tó dé. Títí Baba Sàlá fi kú ní oṣù kẹwàá 2018, àwọn ènìyàn kò yéé fi ìtàn náà dẹ́rù ba ẹni tó bá fẹ́ ṣe fíìmù tirẹ̀. Ìdàkejì ló yẹ kí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀. Baba Sàlá ní ohun tí olè lè jí. Àwọn tó ṣeré lábẹ́ rẹ̀ kò ní.

Nígbà tí fídíò gbòde, ẹgbẹ́ tú ká, olúkúlùkù di ọ̀gá ara rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ Adéjọbí ni Kareem Adépọ̀jù, Baba Wándé, ti wá, òun ló sì kọ ìtàn Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání darí ní 1993. Owó láti san fún òṣèré ṣọ̀wọ́n, nítorí náà wọ́n dá a sí “wá bá mi ṣe, èmi náà á bá ọ ṣe.” Àáró ni wọ́n ń bára wọn ṣe yẹn. Ẹni tó ní oko ni àáró wúlò fún. Èyí tí kò ní fíìmù tirẹ̀ yóò kàn máa roko olóko títí agbára rẹ̀ yóò fi tán ni.

YouTube wá mú un burú sí i. Fíìmù tí wọ́n yà fún ọjọ́ mélòó kan lè máa pa owó ìpolówó fún ọdún púpọ̀, ẹni tó ni ojú òpó tí fíìmù náà wà nìkan ni YouTube sì mọ̀. Òṣèré ti gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bó bá tilẹ̀ gbà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 dá ẹ̀tọ́ òṣèré mọ̀, ṣùgbọ́n kí ni agbẹjọ́rò yóò gbé síwájú adájọ́ nígbà tó jẹ́ pé orí fóònù lásán ni wọ́n ti ṣàdéhùn?

Ìwé àdéhùn ló kù: iye owó ọjọ́ iṣẹ́, àti ìdá tí yóò máa tọ òṣèré lọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tí fíìmù bá ń pawó. TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti olùṣe fíìmù Yorùbá, lè sọ ọ́ di dandan kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan tó dé iwájú kámẹ́rà. Àwọn olówó fíìmù yóò ní ọjà kò tà. Bí kò bá tà, ìdá òṣèré nínú rẹ̀ kò ní ná wọn ní nǹkan kan. Àwọn gbajúmọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè, nítorí ojú wọn ni wọ́n fi ń ta fíìmù. Ọmọdé tó bá béèrè ìwé lónìí, ẹlòmíràn ni wọn yóò pè lọ́la.