Òjìji, Ìbòòji àti Àkùnkún: Èdè-Ìperí Kan Kò Lè Kárí Gbogbo Wọn

Lára ìṣòro tí ó máa ń dojú kọ àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lè wà nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún, kí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì yàtọ̀. Irú rẹ̀ ni shading. Àgbẹ̀ ń lò ó, onísáyẹ́ǹsì ń lò ó. Olùkọ́ ìṣirò, ayàwòrán àti aṣèdánwò náà ń lò ó. Bí olùtumọ̀ bá fi òjìji dípò rẹ̀ níbi gbogbo, ó ti da ohun tí Yorùbá ti yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀. Àpẹẹrẹ èyí kò jìnnà. Ó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Ògùn Waterside àti ní Agọ́-Ìwòyè.

Ilẹ̀ kòkó àti obì ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Àgbẹ̀ tí ó bá ń tọ́ ọmọ kòkó a kọ́ àtíbàbà, a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lórí, kí oòrùn má baà jó ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó kó wọn lọ sí oko, a máa dín imọ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ wọn lára. Ní oko, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò ṣíji bò wọ́n títí wọn yóò fi lágbára. Ìbòòji ni àgbẹ̀ yìí ń wá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni ìṣíjibò. Òjìji kọ́ ni, nítorí àwòrán dúdú tí ohun kan ń jù sílẹ̀ nígbà tí ó bá dínà ìmọ́lẹ̀ ni òjìji, ó sì ń yí kiri bí oòrùn ti ń rìn. Ìbòòji ní ìwọ̀n. Bí ó bá pọ̀ jù ní ilẹ̀ olójò bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rinrin yóò há sí abẹ́ igi, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú yóò sì gbilẹ̀.

Àmì ohùn pàápàá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn mìíràn a máa kọ ìbòòji ní ìbòji. Bí wọ́n bá tún yọ àmì orí rẹ̀, kò sí ohun tí yóò fi yàtọ̀ sí ibojì tí a ń sin òkú sí. Ìwé tí ó bá ní kí àgbẹ̀ kó ọmọ kòkó sí iboji kò tíì sọ ibi tí yóò kó o sí.

Ní Ògùn Waterside, níbi tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti kan òkun, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ní ọdún 1984 ni koríko orí omi kan, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, wọ omi Nàìjíríà láti ìhà Àgbádárìgì, ó sì tàn ká àwọn ọ̀sà etí òkun. Níbi tí ewé rẹ̀ bá tẹ́ bo ojú omi, ìmọ́lẹ̀ kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ewéko ìsàlẹ̀ omi kò ní lè ṣe oúnjẹ, ọ́síjìn yóò dín kù, ẹja yóò sì jìyà. Shading ni Gẹ̀ẹ́sì pe èyí náà, ṣùgbọ́n kò sí apẹja tí yóò pè é ní ìbòòji, nítorí ohun ìtura ni ìbòòji. Ìdínà-ìmọ́lẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Orúkọ yìí tún bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí páànẹ́lì oòrùn mu: òjìji ẹ̀ka igi kan lórí apá kékeré lè dín iná gbogbo páànẹ́lì kù, nítorí pé a so àwọn apá náà tẹ̀lé ara wọn. Òjìji ni okùnfà; ìdínà-ìmọ́lẹ̀ ni àbájáde.

Ní Agọ́-Ìwòyè, ìlú tí yunifásítì ti wà láti ọdún 1982, tí ó sì ń jẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ láti 2001, àti ní gbogbo ibi tí a ti ń kọ́ni, pẹ́ńsù ni ọ̀rọ̀ náà bá rìn. Nínú ìṣirò, apá tí a fa ilà sí ni. Ìfàlàsí tó fún un. Ayàwòrán tí ń ya ìkòkò a tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, a sì fúyẹ́ ọwọ́ ní èkejì, kí ojú lè rí i pé ìkòkò náà rí roboto. Ìdápele-òkùnkùn ni èyí. Òun náà ni kọ̀ǹpútà ń fi ìṣirò ṣe, bí Gouraud ti là á sílẹ̀ ní 1971, tí Phong sì tún un ṣe ní 1975.

Ti aṣèdánwò ni ó léwu jù. Nínú ìdánwò tí ẹ̀rọ ń máàkì, irú èyí tí JAMB lò kí ó tó gbé ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà pátápátá ní 2015, ẹ̀rọ ń wá ojú àmì tí a kùn dúdú tí ó kún. Bí olùkọ́ bá lo ọ̀rọ̀ kan náà ní kíláàsì ìṣirò àti ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ọmọ tí ó ti mọ ìfàlàsí lè fa ilà méjì péré sí ojú àmì, kí ẹ̀rọ má sì rí i. Ọmọ náà mọ ìdáhùn. Èdè olùkọ́ ni ó gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Àkùnkún ni ó yẹ kí ó gbọ́.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí a máa pè é ní ṣéèdì, kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù. Kò burú nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò náà yóò kó gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì dání wá. Èrò kan sí èdè-ìperí kan ni òfin iṣẹ́ yìí. Kò sọ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan.

Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dúró lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹni tí yóò ṣe irú rẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo sí iwájú ọ̀rọ̀ bí èyí. Kí ó kọ orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi tirẹ̀ sí iwájú rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan.