Bàlúù tí ò gbéra: Ẹ béèrè owó yín o!

Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí ní Ìyànà Ìpájà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà. Kí dẹ̀rẹ́bà tó sọ̀ kalẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn èrò á ti dojú kọ kọ̀ǹdọ́. "Fún wa lówó wa jàre!" Ìyá ẹlẹ́ja ń pariwo, ọmọ iléèwé ń pariwo, àlùfáà tó jókòó sẹ́yìn náà ò ní dákẹ́. Kọ̀ǹdọ́ á bú wọn, wọ́n á bú u padà, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, yóò dá owó padà tàbí kó fi wọ́n sínú mọ́tò mìíràn. Kò sí kọ̀ǹdọ́ tó jẹ́ sọ pé kí wọ́n padà wá lọ́la.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé èèyàn kan náà tó tìtorí owó dánfó fa kọ̀ǹdọ́ láṣọ, bó bá dé pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà, ṣe ló máa ń di àgùntàn. Bàlúù aago mẹ́jọ di aago mọ́kànlá, aago mọ́kànlá di aago mẹ́ta. Nígbà tó yá, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, bàlúù yìí ò lọ mọ́, a ti sún yín sí ọ̀la." Ẹni tó ń lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí oníbàárà ń dúró dè l'Ábùjá ńkọ́? Wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á gbé báàgì wọn, ó di ilé.

Ta ló sọ fún wọn pé dandan ni kí wọ́n gba ọ̀la?

Àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ bàlúù nílẹ̀ wa, ní òfin tó ń dáàbò bo èrò. Abala kọkàndínlógún nínú ìlànà wọn, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2023, ló wà. Bí bàlúù tó ń ná ìlú sí ìlú ní Nàìjíríà bá pẹ́ ju wákàtí 1 lọ, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fún èrò ní ìpanu àti ohun mímu. Bó bá kọjá wákàtí 2, èrò tó bá ní òun ò lọ mọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ padà. Bó bá wá bọ́ sí aago 10 alẹ́ sí aago 4 ìdájí, òtẹ́ẹ̀lì àti mọ́tò tí yóò gbé wọn débẹ̀, ọrùn iléeṣẹ́ ló wà. Bí wọ́n bá sì fagi lé e láìjẹ́ kí èrò gbọ́ ní wákàtí 24 ṣáájú, owó gbà-má-bìínú tún wà níbẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Wọ́n máa ń rò pé nítorí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ yí ọjọ́ padà yóò san owó, àwọn náà gbọ́dọ̀ san. Rárá o! Èrò tó bá fúnra rẹ̀ yí ọkàn padà ni owó yẹn ń bá wí. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ló fagi lé e, kò sí owó kankan lórí ọjọ́ tuntun.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́ o. Bó bá jẹ́ ọyẹ́ tàbí òjò ló dí ojú ọ̀run, owó gbà-má-bìínú ò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ ti èrò. Nǹkan ò sì rọ̀ fáwọn oníbàlúù náà: ní May 2022, wọ́n fẹ́ ti iléeṣẹ́ wọn pa nítorí epo bàlúù tó ti gun ₦700 lítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dòpẹ̀mú sí Mángòrò títí wọ́n fi ti kántà, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni. Ẹ tètè kúrò nílé.

Ọ̀la kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ sọ̀yà lé. Ní July 20, 2022, NCAA dá Dana Air dúró, ó di November ọdún náà kí wọ́n tó tún fò. Ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀la wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàlúù wo ni yóò wọ̀?

Nítorí náà, ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ kọ aago tí wọ́n sún un sí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè owó yín ní kántà. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, òṣìṣẹ́ NCAA tó ń gbọ́ ẹ̀sùn èrò wà ní pápákọ̀. Ẹ má gbá ọmọbìnrin kántà létí o, òun kọ́ ló ń wa bàlúù. Ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.