Ọmọ tó ń kọ́ ṣimí gbọ́dọ̀ rí ibi tó máa fọwọ́ kan iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni, nítorí ó kan ẹni tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àti ẹni tí wọn kì í ṣí i fún.

Vakáǹsì ti ń sún mọ́lé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì Abomey-Calavi máa padà wá bá wa. Lára wọn ni àwọn tó ń kọ́ ṣimí, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní kẹ́mísírì. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe nínú lábò lọ́dún yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ní àwọn pọ̀ ju ohun èlò lọ: ẹnì kan ń dà á, àwọn yòókù dúró yí i ká, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. A kò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ aṣọ híhun nípa wíwo ahunṣọ láti ẹnu ọ̀nà?

Àwọn ìlú òyìnbó ti wá nǹkan ṣe sí i. Ní Amẹ́ríkà, National Science Foundation ń náwó sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní REU: ọmọ tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ á lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nínú lábò yunifásítì mìíràn nígbà ìsinmi, á máa ṣe ìwádìí, wọ́n á sì sanwó fún un. Ní Jámánì, DAAD ní tirẹ̀, RISE lorúkọ rẹ̀. Ètò rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n wà fún. Owó REU, ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú níbẹ̀ ló wà fún. RISE ti Jámánì, ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ni wọ́n ń pè. A kò bínú sí wọn o. Onílé ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún ọmọ tirẹ̀. Àwa ńkọ́, kí la sè fún tiwa?

A ní ìkòkò, iná ni a kò dá. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ló jọ dá ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbólò àti ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ sílẹ̀, ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ́ méjèèjì sí. Ṣimí pátápátá ni iṣẹ́ méjèèjì. Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń sun pọ̀ nínú iná tó tó 1450 dígírì kó tó di sìmẹ́ńtì. Ní ti ṣúgà, ẹfun jíjó ni wọ́n ń dà sí omi ìrèké kí ìdọ̀tí lè sọ̀ kalẹ̀. Ní Pobè, láti 1922 ni wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ. Ọmọ wa mélòó ló ti fi vakáǹsì wọ lábò ibi wọ̀nyí?

Àwa tí a ṣiṣẹ́ ìjọba mọ irú sitáàjì tí wọ́n sábà ń fún ọmọ. Ọmọ á dé ọ́fíìsì láago mẹ́jọ, wọ́n á ní kó lọ ra búrẹ́dì, kó lọ ṣe fọ́tòkópì. Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Kì í ṣe irú ìyẹn là ń wá.

Ohun tí à ń wá ni pé kí wọ́n fún ọmọ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kó wá ìdáhùn rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ gàrí. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́, siyanúrù, tó máa ń jáde tí a bá rin ín. Rírẹ̀, fífún àti yíyan ló ń lé e lọ. Ẹni tó bá kánjú, tí kò jẹ́ kó kan, ó ń ta èyí tó ṣẹ́ kù fún wa jẹ. Ìwé pélébé aláwọ̀ yẹ́lò kan wà tí wọ́n fi picrate pa. Bí májèlé náà bá wà, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ọmọ ọdún kejì yunifásítì lè fi ìyẹn yẹ gàrí ọjà Kétu wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó sì wá sọ fún àwọn ìyá wa ohun tó rí. IITA, tó ń ṣèwádìí ẹ̀gẹ́ ní Ìbàdàn láti 1967, ní ilé-iṣẹ́ ní Abomey-Calavi pẹ̀lú.

A dárúkọ Ìbàdàn. Yunifásítì ibẹ̀ ti wà láti 1948, kò sì jìnnà sí Kétu tó bí Paris ṣe jìnnà. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ló fi Kétu sápá kan, tó fi Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá sápá kejì. Àdéhùn CEDEAO ti 1979 sì gba ọmọ wa láàyè láti wọ Nàìjíríà fún 90 ọjọ́ láìgba físà, tó bá ní ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àádọ́rùn-ún ọjọ́! Vakáǹsì kan gbáko nìyẹn. Àwọn kan á ní ọmọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, ó máa làágùn díẹ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n Na ni wọ́n ń kọ fún sodium ní Kútọnu, òun náà ni ní Ìbàdàn, tí wọ́n bá sì jáde nínú lábò, Yorùbá ni wọ́n á bá a sọ.

Ibi tí ó le ni owó. Ọmọ àgbẹ̀ kì í sinmi ní vakáǹsì, oko ló ń lọ. Sitáàjì tí kò ní owó oúnjẹ, ọmọ olówó nìkan ló lè ṣe é, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé pé gbogbo ayé ló wà fún. Nítorí náà, à ń bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́dún, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí a san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ wọn. Ẹ̀yin Kábíyèsí, lẹ́tà ló kù sọ́wọ́ yín. Ìwé tí ààfin fọwọ́ sí, tó lọ bá ọ̀gá Onígbólò tàbí ti Pobè, wọn kò ní jù ú sí àpótí bí wọ́n ṣe ń ju tọmọ kékeré.

Ẹni tó bá sì ní ẹbí ní Ìbàdàn tó lè fi yàrá kan sílẹ̀ fún oṣù méjì, kó jọ̀ọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé.