Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ní Kí Obìnrin Kúkúrú Lọ Wọ Bàtà Gogoro

Àkókò T.P. tún ti dé, ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Bí o bá jẹ́ obìnrin, tí o kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, o kò ní ṣàìgbọ́ ọ lẹ́nu ẹni mẹ́ta ó kéré tán kí o tó gba lẹ́tà ilé-ìwé tí wọ́n pín ọ sí: "Ra bàtà gogoro o, kí àwọn ọmọ má bàa fojú ọmọdé wò ọ́." Ìyá rẹ á sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ á sọ ọ́. Àgbà olùkọ́ kan á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó sọ tiẹ̀: "Ṣé ìwọ náà ló fẹ́ lọ kọ́ S.S. 3?" Àwa tí à ń kọ èyí, ẹni mẹ́ta ni wá, gbogbo wa la kúrú, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú wa.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Kíkúrú kì í ṣe àrùn tí à ń wá oògùn rẹ̀ sábẹ́ gìgísẹ̀. Aṣọ tí kò bá ara mu ló ń sọ obìnrin kúkúrú di ọmọdé lójú ẹni tó ń wò ó, ọwọ́ ẹni tó gé aṣọ náà sì ni ẹ̀bi wà.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé ìmúra kò ṣe pàtàkì. Ọmọ Yorùbá ni wá, a mọ̀ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ìmúra wà lára ohun tí olùbẹ̀wò máa ń wò nígbà tó bá wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, a sì fẹ́ gba máàkì yẹn pé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi odidi orí kan ga jù ọ́ lọ kò ní fara balẹ̀ fún ẹni tí aṣọ rẹ̀ jọ èyí tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ìyẹn la gbà. Ibi tí a ti yapa ni pé ẹ rò pé ìka mẹ́rin tó wọlé sábẹ́ ẹsẹ̀ ló máa yanjú ẹ̀.

Ẹ wo ibi tí à ń lọ ná. Nínú àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ń pín wa sí, láti Ìkẹ̀rẹ́ títí dé Ìsẹ̀, Ọ̀rún àti Ẹmùré, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn dé ẹnu géètì wọn, ilẹ̀ pupa ni láti géètì dé kíláàsì, bí òjò bá sì ti rọ̀, ó ti parí. Ìkẹ̀rẹ́ fúnra rẹ̀, àárín àpáta ló wà. Ẹni tó bá ń wo Olósùnta àti Òròlé lójoojúmọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ibí kò tẹ́jú fún ẹni tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Ọmọ kíláàsì wa kan gba ìmọ̀ràn yín ní ọdún tó kọjá. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ní kó wá nǹkan ṣe sí gíga rẹ̀. Ó ra bàtà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gìgísẹ̀ rẹ̀ há sáàárín òkúta méjì níbi tí gbogbo ilé-ìwé ti tò fún àdúrà òwúrọ̀, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú wọn. Láti ọjọ́ náà títí tó fi parí, "Àǹtí Pẹ̀lẹ́" ni àwọn ọmọ ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká tún bi yín ní ìbéèrè kan. Àwọn ọkùnrin kúkúrú wà nínú wa, a ò ní dárúkọ wọn, wọ́n mọ ara wọn. Kí lẹ máa ń sọ fún wọn kí wọ́n tó lọ sí T.P.? Ẹ máa ń ní kí wọ́n lọ ṣokoto wọn, kí wọ́n di táì dáadáa, kí wọ́n gé irun. Fún ọkùnrin kúkúrú, ẹ ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Fún obìnrin kúkúrú, ara rẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ tún ṣe. Kí ló fà á?

Ìhín gan-an ló yẹ kó mọ èyí jù. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà Ìkẹ̀rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ọ̀kan lára wọn wà ní Art Institute ní ìlú Chicago lónìí. Ọba jókòó, adé gogoro wà lórí rẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn ìtẹ́, ó sì ga ju ọba náà lọ fíìfíì. Ta ló wo òpó yẹn rí tó ní ọba yẹn kúrú, ẹ bá a wá àpótí tì sábẹ́ ẹsẹ̀? Adé tó bá orí mu àti bó ṣe jókòó ló ń sọ ẹni tó jẹ́. (Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n kéré bíńtín, ipò wọn ló fà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn bá wa jiyàn kó kọ́kọ́ ṣàlàyé ọba tó kéré sí ìyàwó rẹ̀.)

Èdè wa pàápàá kò ka kékeré sí àbùkù. Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá mọ ohun tí ohùn ń ṣe fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe: ohun kékeré tó rí rogodo, ó rí róbótó, ńlá, ó rí ròbòtò. Kíríbítí wà, kìrìbìtì náà wà. Ohùn òkè ni èdè fún kékeré, ohùn ìsàlẹ̀ ló fún ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pé níbi tó wà. Obìnrin tó tín-ín-rín tó sì kéré, pẹ́lẹ́ńgẹ́ là ń pè é, ìyìn sì ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọ̀dọ̀ télọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjà wa wà.

Télọ̀ á mú téèpù, á wọn àyà, á wọn ìdí, á wọn gígùn láti èjìká dé ilẹ̀, ó tán. Á wá gé aṣọ bó ṣe máa ń gé e fún gbogbo ayé, á sì ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè títí tó fi mọ níbi tí ìwọ mọ. Lójú tiẹ̀, obìnrin kúkúrú ni obìnrin gíga tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ nìkan kọ́ la ti kúrú. A kúrú láti èjìká dé ọmú, láti ọmú dé ìbàdí, láti ìbàdí dé orúnkún, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Bí ó bá jẹ́ etí aṣọ nìkan ni wọ́n gé, ìbàdí aṣọ á bọ́ sí ìdí, ibi tó yẹ kó fún lókè orúnkún á bọ́ sí ojúgun, èjìká á ṣubú sí apá, ọwọ́ aṣọ á sì bo ọmọ ìka. Wọ bàtà tó ga tó Òròlé sí kaba bẹ́ẹ̀, aṣọ àyálò ló máa jọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti àwọn ọdún 1940 ni Hannah Troy, obìnrin kan tó ń ṣe aṣọ títà ní Amẹ́ríkà, ti kíyè sí i pé aṣọ ọjà gùn jù fún ọ̀pọ̀ obìnrin láti èjìká dé ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ fún irú wọn. Lónìí, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè fún obìnrin tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́rin lọ, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 163. Bí o bá ń ṣa òkìríkà lọ́jà, yí ọrùn aṣọ wò: bí lẹ́tà P bá tẹ̀ lé nọ́ńbà, bíi 8P, irú rẹ ni wọ́n gé e fún. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ lọ sí ibi tí wọ́n to aṣọ ọmọdé sí nítorí pé owó rẹ̀ dín. Ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé kò mọ̀ pé o ní ọmú, bọ́tìnnì rẹ̀ ló sì máa sọ fún kíláàsì.

Aṣọ ẹbí ló burú jù. Yáàdì mẹ́fà ni odidi àǹkárá, iye kan náà ni ẹni gíga àti ẹni kúkúrú ń san, ó sì yẹ kí tiwa ṣẹ́kù. Ẹ bá wa bi àwọn télọ̀ ibi tí àṣẹ́kù náà ń wọlé sí. Àmọ́ owó kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù níbẹ̀. Ìyàwó á mú fọ́tò kan lórí Instagram, ọmọge inú rẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, ó wọ kaba tó fún títí dé orúnkún tó wá tú ká nílẹ̀, wọ́n á ní gbogbo ọ̀rẹ́ ìyàwó ló gbọ́dọ̀ rán irú ẹ̀. Òdòdó ara àǹkárá náà á tóbi tó àwo ìjẹun. Lára ẹni gíga, òdòdó mẹ́fà á hàn dáadáa. Lára tiwa, méjì àti ààbọ̀ ni, ààbọ̀ yẹn á sì wà ní ikùn. Kò sí àṣà Yorùbá kankan tó ní sítáì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Aṣọ kan náà ni ẹbí ń wọ̀. Ẹ jẹ́ kí oníkálùkù mú sítáì tó bá a mu, bí ẹ bá sì ń yan àǹkárá, ẹ rántí pé àwọn kan nínú yín kò ní àyè fún igi odindi lára aṣọ.

Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé ìró àti bùbá ti yanjú gbogbo èyí kí télọ̀ tó gbé ẹ̀rọ dé. Ìró kò ní nọ́ńbà. Ẹni tó ń ró o ló ń pinnu ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí. Àwọn ìyá ńlá wa ní Èkìtì tó ń hun kíjìpá lórí òfì ìdúró nínú ilé, aṣọ tí èèyàn ń ró mọ́ ara ni wọ́n ń hun, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè nọ́ńbà ara. Fún ẹni kúkúrú, ìbàdí gan-an ni kó ti so ìró, kó jẹ́ kó mọ ní kókósẹ̀, kó má gbálẹ̀. Kí bùbá mọ ní egungun ìdí. Bùbá tó dé àárín itan ló ń jẹ ẹsẹ̀ ẹni. Kí ọwọ́ bùbá mọ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgúnpá, kí egungun ọrùn ọwọ́ hàn. Bí aṣọ òkè bá ní ìlà, kí ìlà náà dúró lóòró. Ìborùn, ṣẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kó o fi lé èjìká kan, kó máa rọ̀ wálẹ̀. Bó o bá wé e mọ́ ìdí, ó ti gé ọ sí méjì nìyẹn. Àwọ̀ kan láti òkè dé ilẹ̀ máa ń jẹ́ kí ojú lọ geere láìdúró níbì kankan.

Nígbà tí fíìmù Ó Le Kú ti Túndé Kèlání jáde ní 1997, láti inú ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, ìró tó mọ ní orúnkún àti bùbá kékeré tún gba ìgboro, orúkọ fíìmù náà sì lẹ̀ mọ́ aṣọ náà títí dòní. Bí a bá bi wá, ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni oleku yẹ jù láyé, ojúgun á hàn, aṣọ kò ní pọ̀ ju èèyàn lọ. (Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ sí T.P. o. Orúnkún yín á di ọ̀rọ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́.)

Gèlè ńkọ́? Onílé-gogoro ní ọjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n gèlè tó ga ju ojú ẹni lọ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún fẹ̀ ju èjìká lọ, ó ń sọ ẹni kúkúrú di olú inú igbó. Wé e kó fi iwájú orí àti etí hàn, ó tó.

Ẹni tó bá fẹ́ràn bàtà gogoro, kó wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìyàwó, kó jó nínú rẹ̀, a ò bá a jà. Ẹni tó ní kí á wọ̀ ọ́ kí ọmọ tó lè bọ̀wọ̀ fún wa la ń bá jà. Àwọn ọmọ Èkìtì tí à ń lọ kọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n ti ń mọ olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tó sì gún, tó lè yíjú kọ nǹkan sára pátákó láìfa kaba sókè tàbí sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Kó aṣọ rẹ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí àyè lè wà fún àtúnṣe. Ní kó wọn ọ́ láti èjìká dé ìbàdí, kó sì wọn ọ́ láti ìbàdí dé orúnkún, kí o dúró tì í títí tó fi kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí o tó san àsansílẹ̀. Bó bá ní òun mọ ara rẹ, pé òun ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí ọ, kí i dáadáa, gba aṣọ rẹ, télọ̀ mìíràn wà ní ojúlé kejì.