Fájuyì Kì í Ṣe Ìtàn Àlejò Nìkan

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá ọkọ̀ wa dúró ní Ìbàfò lọ́jọ́ kan tí à ń lọ sí Ìbàdàn, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan ní ìwà ọmọlúàbí ti tán nílẹ̀ Yorùbá, pé Fájuyì tó bá àlejò rẹ̀ kú ló kó o lọ. Ọmọkùnrin kan níwájú dáhùn pé, "Ẹ má bínú o, Bàbá, wọ́n ká a mọ́lé ni. Ibo ló fẹ́ sá gbà?" Ọkọ̀ dà rú. Àwa jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa, àwọn méjèèjì ló bu ọkùnrin náà kù.

Ẹ jẹ́ ká fi 1966 sílẹ̀ ná. Ọdún 1943 ni Francis Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, wọṣẹ́ ológun. Nígbà tí Kóńgò gba òmìnira lọ́dún 1960, tí ìlú náà dàrú, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀, tiwa náà sì lọ. Fájuyì ni ọ̀gá "C" Company nínú bàtálíọ̀nù kẹrin. Ní àríwá Kàtáńgà, àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n, Fájuyì sì kó àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ yọ. Ọdún 1961 ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Cross. Ẹ kíyè sí i: àwọn tó kó jáde láàyè la fi ń rántí àmì ẹ̀yẹ yẹn, kì í ṣe iye èèyàn tó pa. (Ẹ wo àwọn oríkì jagunjagun tí à ń kà ní kíláàsì, orí tí wọ́n gé àti ìlú tí wọ́n fọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.)

Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba January 1966, ó di gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn. Ní July, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, wá bá àwọn ọba ṣèpàdé n'Ibadan, ó sì sùn sílé gómìnà. Ní 29 July àwọn ṣọ́jà yí ilé náà ká. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì pa wọ́n nínú igbó lọ́nà Ìwó. Ẹni ogójì ọdún ni Fájuyì.

Ẹnu ò kò lórí ohun tó sọ lóru yẹn. Àwọn kan ní ó ní kí wọ́n mú òun náà tí wọ́n bá máa mú àlejò òun. Àwọn mìíràn ní àwọn ṣọ́jà ti dì í sínú tẹ́lẹ̀, wọn ì bá má fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn kò ṣàìnídìí nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá jẹ́ pé ṣé Fájuyì lè dúró ti ẹni tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ nígbà tí ìbọn ń dún, Kàtáńgà ti dáhùn ṣáájú Ìbàdàn.

Bàbá wa náà ńkọ́? Tá a bá ní àlejò ṣíṣe nìkan ni, àfi bí ẹni pé omi tútù àti iyán ló gbé fún un. Iṣẹ́ ológun tó mọ̀ ló ṣe: ọ̀gá kì í sá fi èèyàn rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló máa di olùkọ́ Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá dé orí ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, láti Kóńgò ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ò tètè rẹ́nu sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ká tó gbóyà, ọmọkùnrin yẹn ti sọ̀ ní Tólgéètì.