Kí Ẹ Tó Sanwó Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀, Ẹ Bi Í Léèrè Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Koumassi Remblais, ní Abidjan, bí ọmọ bá ti wọ ilé-ìwé gíga, kọ̀ǹpútà ni yóò máa béèrè. Owó tuntun ga, tòkunbọ̀ ni apá ọ̀pọ̀ wa ká. Àmọ́ ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, Windows kọ́ ló ń kọ́kọ́ jí. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní BIOS ló ń ṣáájú. UEFI ni ti àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí. Òun ló ń ka mẹ́mórì, dísíìkì àti kíbọọ̀dù, kó tó fa iṣẹ́ lé Windows lọ́wọ́. Láti wọ ibẹ̀, bí ẹ bá ti tan án, ẹ máa tẹ F2 lórí ọ̀pọ̀ Dell, F10 lórí HP, F1 lórí ThinkPad. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi ọjà náà sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Bí ó bá ń padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló ti kú. CR2032 ni lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó rí rìbìtì bí owó ẹyọ. Bí ọjọ́ kò bá tọ́, ọ̀pọ̀ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ṣí. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ má ju kọ̀ǹpútà nù.

Fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀, ẹ ní kí ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá yín fi Ubuntu sórí fíláàṣì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi fíláàṣì náà tan ẹ̀rọ, kí ẹ yan "Try Ubuntu". Kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú dísíìkì. Ẹ ṣí Terminal, kí ẹ sì tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

free -h: iye mẹ́mórì.
lsblk: bí dísíìkì ṣe tóbi tó.
lspci: ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán, ohùn àti Wi-Fi.
lsusb: ohun tó wà lórí USB, kámẹ́rà inú ẹ̀rọ sábà máa ń wà lára wọn.
sudo dmesg: gbogbo ohun tí ẹ̀rọ sọ láti ìgbà tó ti jí.

Bí ẹ bá rí "I/O error" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ dísíìkì náà léraléra, dísíìkì ọ̀hún ń kú lọ nìyẹn.

Bí ẹ bá tẹ A tí Q jáde, kì í ṣe àìsàn. Kíbọọ̀dù AZERTY ti Faransé ló wà lára ẹ̀rọ, àmọ́ ti Amẹ́ríkà ni Ubuntu rò pé ó jẹ́. Ẹ yan "French".

Ẹni tó mọ̀ pé ọjà òun dára kò ní bínú sí ìbéèrè yín. Bí ó bá kọ̀ pé kí ẹ má tan án wò, ẹ mú owó yín relé. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú àwọn ọmọ.